Ihò Méjì Lára Ọkọ̀ Àlàmú

Àlàmú Òpó. Ọmọ òpó àárín ilé tí kì í jẹ́ kí òrùlé wó. Ọmọ bàbá tó kan àga fún gbogbo àdúgbò tó wá jókòó sórí ẹní. Ọmọ ìyá tó ń rán igbá fífọ́ títí onígbá ò fi ní mọ ojú ibi tó ti fọ́. Àlàmú ọlọ́wọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ ọlọ́wọ́ méjì, tí ń dá wa ọkọ̀ lórí omi láìgbé èrò. Àlàmú àbúrò mi, sùn re o.

Orúkọ tí ìyá wa fi ń kì í ni mo kọ sókè yẹn. Èyí tó wà nínú ìwé, n kò ní kọ ọ́. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, títí dé orúkọ bàbá wọn, mo sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọmọ mi obìnrin kà á, ó ní, "Màámi, àwọn ọmọ àwọn èèyàn yìí ṣì wà láyé o. Ẹ yọ orúkọ wọn." Mo yọ ọ́. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí nǹkan tó kù sí mi lórí kò ju orúkọ èèyàn lọ. Kíláàsì kẹrin ni mo ka ìwé dé. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ forí jì mí.

Ayé ìjọba sójà ni, nígbà tí èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì, tí ẹja inú yìnyín tí gbogbo wa ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ Ẹdẹ mọ́. Mo ti kó kúrò nílé ọkọ nígbà náà, mo ti padà sílé bàbá wa, mo ti di dálémoṣú. Bàbá wa ti kú, ẹ̀yìn ilé la sin wọ́n sí. Ìyá wa, èmi, àti Àlàmú la jọ wà nílé. Ìyàwó Àlàmú wà ní ìlú Ara lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Káfíńtà ni Àlàmú bíi bàbá wa. Ọkọ̀ akẹ́rù tó lọ fi kó pákó ní Sekọ̀nà ló dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, pákó sì já lé e lọ́wọ́ òsì. Wọ́n to egungun, ó jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká mọ́. Ó lè fi apá yẹn há nǹkan mọ́ra, ó lè fi gbá nǹkan sẹ́yìn, àmọ́ kò lè fi di nǹkan kan mú. Káfíńtà tí kò lè di pákó mú, kí ló fẹ́ fi ayùn ṣe? Oṣù méje ni ó fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo òkú. Bí a bá kí i, á dáhùn. Bí a kò kí i, kò ní sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tó gbé e dìde ni ọkọ̀ kan. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́, ó ti kan ibùsùn fún òyìnbó kan tó ń bá àwọn ẹlẹ́títì ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó ìjọba gbẹ tí iṣẹ́ títì dúró, òyìnbó náà ń kó lọ, ó wá gbé ọkọ̀ kékeré kan tó fi ń ṣeré lórí omi fún Àlàmú. Ọkọ̀ ẹni kan ṣoṣo ni. Ó gùn, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú lórí, ó mú nídìí, wọ́n sì bo òkè rẹ̀ pa àfi ihò tí èèyàn ń jókòó sí láàárín. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ akérò. Òyìnbó pe orúkọ rẹ̀ fún wa, ahọ́n wa kọ̀ ọ́. Ẹlẹ́nìkan la sọ ọ́ ní tiwa.

Àlàmú gbé Ẹlẹ́nìkan lọ sórí omi tí wọ́n sé fún ẹ̀rọ omi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù. Ó fi apá òsì há àjẹ̀ olójú méjì mọ́ ìhà, ó ń fi ọ̀tún tì í. Ọkọ̀ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó ń mú ẹja wálé, àrọ̀ àti epìyà, a ń jẹ, èmi ń yan èyí tó kù tà, ó sì tún ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó ń súfèé lọ́jọ́ kan, mo sì dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kó má bàa rí mi kó dákẹ́.

Ìyọnu kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan ló ní. Bí ó bá di àjẹ̀ mú, kò sẹ́ni tí yóò di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Bí ó bá di ọ̀pá ìwọ̀ mú, atẹ́gùn á máa gbé ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń há ọ̀pá náà. Ẹja gba ọ̀pá kìíní lọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹja gba ìkejì. Ìgbà tí ẹja fẹ́ gba ìkẹta, Àlàmú na ọwọ́ tẹ̀lé e, Ẹlẹ́nìkan sì dojú dé.

Ó rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ títí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí omi fi na igi sí i. Ó wọlé, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá wa ń rán igbá lọ́wọ́ lábẹ́ igi ọsàn. Wọn kò gbójú sókè.

"Àlàmú, kí ló dé?"

"Mo ṣubú díẹ̀ ni, Ìyá."

"Sínú kí ni?"

Àlàmú ń fún omi lára ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nílé wa, ẹni tí omi bá pa, wọn kì í gbé òkú rẹ̀ wálé. Etí odò tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún un. A ń kírun, a ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ èyí kò kúrò lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ọkùnrin wà létí Ọ̀ṣun bẹ́ẹ̀, igbó ti bo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá wa máa ń dúró lórí afárá tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á mí kanlẹ̀, a óò sì máa lọ.

"Mo mọ ibi tí bàbá rẹ wà," ni wọ́n sọ fún Àlàmú. "Bí mo bá jí, mo ń kí wọn. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Mi ò bí ọmọ fún etí odò. Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kan omi mọ́."

"Ìyá, bí nǹkan mìíràn bá ń bá mi di ọ̀pá ìwọ̀ mú ńkọ́? Tí mi ò bá ní láti nawọ́ mọ́?"

"Nígbà tí mo bá rí nǹkan ọ̀hún."

Ohun tó ro nìyí. Ó ní òun á fi páìpù omi oníke méjì gún òkè ọkọ̀ náà lẹ́yìn ibi tí òun ń jókòó sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n fì sẹ́yìn díẹ̀. Òun á ki ìdí ọ̀pá ìwọ̀ bọ inú wọn. Bí ẹja bá fà á, páìpù ni yóò máa bá a jà. Òun á fara balẹ̀ wa ọkọ̀ dé ibi tí omi kò jìn, kí òun tó yọ ọ̀pá.

Púlọ́ńbà kan fún wa ní àjákù páìpù, a gé e ní ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ là kó lè fi gbé ara rẹ̀ kọ́ ojú ihò, kó má bàa já sínú ọkọ̀. Èmi ni mo ń yí páìpù náà lórí iná èédú. Bó bá ti rọ̀, Àlàmú á ti ìdí ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á sì là bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Ìkíní jó. Ìkejì wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń dín dòdò ni?" ló ń bi mí. Mo ní bí dòdò bá ni, ì bá ti jinná. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e dára.

Ihò ló kù. Gbogbo irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń lu ihò, ọwọ́ méjì ni wọ́n ń fẹ́. Wẹ́dà, ajórin ojú títì, gbọ́, ó wá, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín lù ú. Kí ẹ tó mu omi tán, mo ti parí."

"Ṣé o ti lu fáíbà rí?" ni Àlàmú bi í.

"Rárá, àmọ́ gbogbo irin ni mo ń lù."

"Máa lọ bá irin rẹ nígbà náà. Ó ń wá ọ."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kì í ṣe pé Àlàmú kórìíra rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá a ṣe nǹkan ni.

Ilé igbá ni wọ́n ti tọ́ wa. Bí ìyá wa bá fẹ́ lu igbá, wọ́n á ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iná títí á fi pọ́n, wọ́n á gbé e lé ojú igbá, irin á sì wọlé bí ẹni wọ òrí. Ọwọ́ kan tó o. Àlàmú wo fáíbà, ó fi ìka kàn án, ó dún kó-kó-kó bí igbá gbígbẹ. Ó le bí igbá, ó fúyẹ́ bí igbá. Èmi náà kàn án, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rò pé nǹkan òyìnbó yẹn ní ìwà tirẹ̀. Ó ki irin kan tó sanra bọ iná.

Ihò kìíní wọlé. Ṣùgbọ́n òórùn! Ó gún wa nímú bí ata tó jó mọ́ ìkòkò, ojú wa ń ṣomi, ewúrẹ́ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde, ó jáde nílé. Ojú ihò náà dúdú, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ó yẹ ká ti dúró níbẹ̀. Àlàmú ń kánjú kí òórùn náà tán, ó gbé irin lé ojú ihò kejì, ó fi gbogbo ara tì í.

Kàá.

Fáíbà là. Ó là láti ojú ihò, ó gba òkè ọkọ̀ kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Àlàmú ju irin sílẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti bà á jẹ́."

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni, tó ní kí ìka ká, tí ìka kò ká. Oṣù méje yẹn ni mo rí tó ń padà bọ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ìyá wa ti gbọ́ kàá náà láti abẹ́ igi ọsàn. Ẹni tó bá ń rán igbá kò ní ṣàì mọ ohùn ohun tó là. Wọ́n dé, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wo ojú ibẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé wọ́n ń ti irin gbígbóná?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Irọ́ lo pa. Mo kọ́ ọ pé kó o gbé e lé e, kó o jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wọlé. Ìwọ ń tì í bí ẹni ti ìlẹ̀kùn ilé àna." Wọ́n yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà ń wò ó?"

"Ó dún bí igbá ni, Ìyá."

"Ìwọ náà dún bí àgbà." Wọ́n tẹ́ ẹní. "Ẹ gbé e síbi tí oòrùn wà. Kí ẹnikẹ́ni má dáná mọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀lé ojú ibi tó là náà títí dé òpin rẹ̀, wọ́n sì fi irin tútù wọn lu ihò kékeré kan síbẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i wọ́ọ́rọ́wọ́. "Kó lè mọ ibi tó máa dúró sí," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀, ní méjì-méjì. Wọ́n ní kí Àlàmú mú okùn ọ̀rá tó fi ń pẹja wá, nítorí pé okùn igbá á jẹrà nínú omi. Wọ́n la oparun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lé ojú ibi tó là, wọ́n sì ń rán okùn kọjá lórí rẹ̀. Èmi na ọwọ́ sínú ọkọ̀ láti ihò ìjókòó, mò ń dá okùn padà sókè. Bí wọ́n bá ti rán ojú kan, wọ́n á ní, "Àlàmú, fà á," Àlàmú á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á, á fi apá òsì tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe iṣẹ́ náà fún ẹnìkejì. Mọ́kànlá ni ojú rírán náà.

Nígbà tí Àlàmú lọ mumi, mo bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́.

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kan omi mọ́?"

Wọn kò gbójú kúrò lára okùn. "Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣá?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Bó bá tún padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kì í ṣe omi ló máa pa á. Di ibí yìí mú fún mi."

Àwọn ẹlẹ́títì ti fi àgbá ọ̀dà sílẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò ló ń fi lẹ òrùlé. A yọ́ díẹ̀ nínú agolo, jìnnà sí ọkọ̀, a fi àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ lé ojú rírán, lókè àti nísàlẹ̀. A fi irin tútù ha ojú ihò méjèèjì títí gbogbo ibi tó dúdú fi kúrò. A gé sílípáàsì mi tó já, a dá ihò sí i láàárín, a fi tẹ́ abẹ́ ẹnu páìpù kí ó má bàa máa ha fáíbà, a sì fi bóòtù mẹ́ta-mẹ́ta dè é. A tún fi ọ̀dà yí ẹnu páìpù ká kẹ́yìn.

Ìyá wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Igbá tí wọ́n bá rán, wọ́n ń bu omi sí i kí onígbá tó gbé e lọ ni. Ọjọ́ kẹta tí ọ̀dà gbẹ, a fi ẹ̀gbẹ́ gbé Ẹlẹ́nìkan lé orí bẹ́ńṣì méjì, mo wọ́n eérú gbígbẹ sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, a bu omi sínú rẹ̀ títí ó fi bo ojú rírán. A kírun Àílà, a padà wá wò ó. Eérú gbẹ. A kírun Àlàásárì. Ìyá wa tẹ̀ ba, wọ́n fi ìka kan eérú náà, wọ́n fi ìka náà pa ètè wọn.

"Gbé e lọ," ni wọ́n wí. "Èmi náà ń bọ̀."

Èmi àti ìyá wa dúró sí etí dáàmù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlàmú jókòó sínú ọkọ̀, ọ̀pá ìwọ̀ méjì dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ bú sẹ́rìn-ín.

"Àlàmú! Éríà rédíò wo lo rì mọ́ ọkọ̀? Ṣé Ìbàdàn ló ń mú ni àbí Èkó?"

"Ẹ fọ aṣọ yín," ló dá wọn lóhùn. "Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́."

Ó wà á jìnnà. Mo ń wo ojú omi, mo ń wo ìyá wa. Wọn kò jókòó. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń ro mí. Lójijì ọ̀pá apá òsì tẹ̀, ó tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi kan omi, Ẹlẹ́nìkan sì fì. Mo rí apá òsì Àlàmú tó gbéra kúrò lára àjẹ̀, bí ẹni fẹ́ nawọ́. Mo pariwo, n kò mọ ohun tí mo wí. Ìyá wa di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Kò nawọ́. Ó fi apá náà há àjẹ̀ padà, ó kọjú ọkọ̀ sí wa, ó ń wà á bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn, ọ̀pá ń jà lẹ́yìn rẹ̀, páìpù kò mì. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ gún yanrìn ló tó nawọ́ sẹ́yìn tó yọ ọ̀pá. Àrọ̀ ni, ó gùn tó apá mi. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìró tí mo ró, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Ìyá wa kò wo ẹja. Wọ́n wọ omi dé orúnkún, wọ́n na ọwọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rírán wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n wá kí Àlàmú kú iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi Ẹlẹ́nìkan pẹja lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn sójà lọ, wọ́n tún dé, wọ́n tún lọ. Ìyàwó rẹ̀ padà láti Ara, wọ́n bí mẹ́ta sí i. Kò ṣubú sómi mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ tó bá lọ, èmi kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀ àfi bó bá dé tí mo bá gbọ́ tí àjẹ̀ rẹ̀ fara kan ògiri. Ìyá wa kú, a sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, mo sì ń bá wọn tẹ́tí sí àjẹ̀ náà lọ. Nígbà tí ojú Àlàmú kò ríran dáadáa mọ́, ó gbé ọkọ̀ náà dojú délẹ̀ sẹ́yìn ilé. Mo sun oorun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ìgbà tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló ṣe é. Orí ibùsùn rẹ̀ ló wà, ní yàrá bàbá wa. Ó ní kí n gbé omi wá fún òun, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó kọjú sí ògiri. Mo sunkún títí ohùn mi fi lọ, nítorí èmi ni mo pọ̀n ọ́n, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni yóò kì í. Àmọ́ bí mo ti ń sunkún ni okùn kan ń tú láyà mi. Ó kú nílé. Ara rẹ̀ gbẹ.

Àwọn ọkùnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Wọn kò jẹ́ kí n dé ojú ibojì nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó jókòó sí fún oṣù méje, mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì láti ibẹ̀, kò jìnnà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a sin ín, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní ẹ̀yìn ilé, láàárín bàbá wa àti ìyá wa.